Ṣé ó tó owó tí a ó san lé RAM tó yára jù?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bèèrè bóyá kí ẹ ra RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) tí ìyára rẹ̀ jẹ́ 3600 ní London, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àbúrò yín tó ń ṣiṣẹ́ fídíò ní Yábàá, nítorí pé 2666 ló wà nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì rẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kó ṣí Task Manager (ojú ìwé Windows tó ń fi bí RAM ṣe ń kún hàn) nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bí GB 8 tó ní bá ti kún dẹ́nu, àyè ni kò tó: ohun tó yẹ kó wà nínú RAM ni kọ̀ǹpútà ń kó lọ sórí dísìkì, dísìkì kò sì lè bá RAM sáré láéláé. GB 16 tó jẹ́ 2666 yóò ṣe é lóore ju GB 8 tó jẹ́ 3600 lọ.

Bí ẹyọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ẹ fi ìkejì rẹ̀ tì í, kí dátà lè máa gba ọ̀nà méjì kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Kọ̀ǹpútà tí kò ní káàdì graphics tirẹ̀ ló máa ń jẹ àǹfààní èyí jù, torí pé RAM yẹn kan náà ló fi ń gbé àwòrán jáde.

Ẹ má sì jẹ́ kí iye ara páálí tàn yín. RAM 3200 tó jẹ́ CL16 (CL ni iye ìgbésẹ̀ tí RAM ń dúró kó tó dáhùn) àti 3600 tó jẹ́ CL18, nanosecond 10 kan náà ni ìdúró wọn kí dátà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 3600 ń kó dátà púpọ̀ sí i lẹ́yìn náà. Bóòdù, pátákó tí a ń ki RAM bọ̀ nínú kọ̀ǹpútà, tún ní òfin tirẹ̀: Core i5 ìran 10 (ọpọlọ kọ̀ǹpútà láti ọwọ́ Intel) lórí bóòdù B460 kò lè kọjá 2666, ohun yòówù tí ẹ ìbáà fi sí i. Bóòdù tó gba 3600 pàápàá, àfi kí àbúrò yín tan XMP (ètò tó ń jẹ́ kí RAM sáré dé iye ara páálí rẹ̀) nínú BIOS (ojú ìṣètò tó ń ṣí kí Windows tó gbéra), bí bẹ́ẹ̀ kọ́, owó yín kàn jókòó síbẹ̀ ni.

Èmi ìbá kúkú ní kó gbé kọ̀ǹpútà náà lọ sí Computer Village ní Ìkejà, kó wá GB 8 tó bá ti inú rẹ̀ mu, kì báà ṣe tòkunbọ̀, kó sì dán an wò lójú ẹni tó tà á kó tó sanwó. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ rà á lọ́hùn-ún, ẹ kọ́kọ́ gba orúkọ bóòdù lọ́wọ́ àbúrò yín, torí RAM ìran tuntun, DDR5, kò lè wọ ojúhò ti ìran tó ṣáájú rẹ̀, DDR4.