Ọmọ tí ò ríran wọ ilé kéwú mi, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Úsítáàsì_Ìbàdàn:
Asàlámù aléékùm gbogbo ilé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ni ní èdè Lárúbáwá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún 11 rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, láàárọ̀ mo wà ní síkúùlù, ìrọ̀lẹ́ àti wíkẹ́ńdì mo wà ní ilé kéwú mi. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ obìnrin wá, ọmọ ọdún 9, kò ríran rárá, ilé kéwú méjì ló ti dá wọn padà, wọ́n ní kó kàn máa há súrà nílé. Ọmọ yìí jókòó sórí ẹní, ó na ọwọ́ sí wàláà ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ìka tọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó wá ní "Áfáà, èwo ni báù níbẹ̀?" Mi ò rí nǹkan kan sọ. Tàdáwà ti gbẹ mọ́ pátákó, kí ni ìka fẹ́ mú níbẹ̀?

Mo gbà á. Etí ẹ̀ mú gan-an, ọjọ́ méjì ló fi há Súrátù Fíìlì, àmọ́ mi ò fẹ́ kó mọ sórí kó máa há nǹkan, mo fẹ́ kó kà kó sì kọ bíi tàwọn yòókù. Gbogbo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ti lọ, náháwù àti sárífù (gírámà Lárúbáwá) ni, kò sẹ́ni tó kọ́ wa bí èèyàn ṣe ń kọ́ ọmọ tí ara ẹ̀ yàtọ̀.

Ó tún wá rán mi létí ọmọkùnrin kan láyé ọjọ́un. Ṣé ẹ mọ̀ pé ara kan náà ni báù, táù àti sáù ní, àmì róbótó ló yà wọ́n, ọ̀kan nísàlẹ̀, méjì lókè, mẹ́ta lókè. Ọmọ yẹn ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ fún odidi ọdún kan, bẹ́ẹ̀ tó o bá bi í léèrè láti orí, ó mọ̀ ọ́n. Mo ní ọ̀lẹ ni. Mo nà án títí ó fi dẹ́kun wíwá. Ó ń dùn mí títí di òní.

Olùkọ́_Àkàndá:
Wàléékùm sàlámù Úsítáàsì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀kọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá ni mo kà ní Federal College of Education (Special) tó wà l'Ọ́yọ̀ọ́, látọdún 1977 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, ẹ lọ bi wọ́n níbẹ̀ nípa kọ́ọ̀sì. Àkọ́kọ́ ná, ṣé ọmọ náà ń lọ síkúùlù tí wọ́n ti ń kọ́ Bírélì, ìyẹn ìkọ̀wé oníkókó tí afọ́jú ń fi ìka kà? Tó bá mọ Bírélì Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ yín ti dín kù nìyẹn, torí nínú Bírélì Lárúbáwá, álífù ni A, báù ni B, láámù ni L, míìmù ni M, kókó kan náà ni ìka ń bá. Lẹ́tà ò sì ń yí padà bó ṣe ń ṣe lórí ìwé wa, ti ìbẹ̀rẹ̀, ti àárín, ti ìparí, rárá, ọ̀kan ṣoṣo ni. Fátùhà àti kásírà, àwọn àmì fáwẹ̀lì, ní àyè tiwọn lọ́tọ̀.

Ohun tó máa yà yín lẹ́nu ni pé láti òsì sí ọ̀tún ni wọ́n ń kà á. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń fi sílétì (férémù tí wọ́n ń ki ìwé bọ̀) àti stylus (irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó) gún un, apá ọ̀tún lẹ máa ti bẹ̀rẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe mọ̀ ọ́n kọ, ẹ̀yìn ìwé lẹ̀ ń gún, ìgbà tẹ́ ẹ bá yí i padà ni kókó á jáde síta. Ọwọ́ yín á tètè mọ̀ ọ́n. Ẹ tún fi gọ́ọ̀mù lẹ ìrẹsì mọ́ káádíbọ́ọ̀dù kó lè mọ bí lẹ́tà tàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe rí, àmọ́ ìyẹn ò dípò Bírélì o.

Rájí_Ìwó:
Èmi gan-an ò ríran, fóònù ló ń ka ọ̀rọ̀ yín sí mi létí. Áfáà, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Ìdajì Kùránì ló wà lórí mi nígbà tí mo ṣe wòlímọ̀, wọ́n gbé mi síwájú, àwọn èèyàn ń sunkún wọ́n ń náwó, bẹ́ẹ̀ mi ò lè fi Lárúbáwá kọ orúkọ ara mi. Mo ti lé lógún ọdún kí ẹnì kan tó kọ́ mi. Nítorí náà inú mi dùn sí ohun tẹ́ ẹ sọ pé ẹ fẹ́ kó kọ ọ́.

Nínú kíláàsì, ẹ má máa sọ pé "ẹ wo bí èyí ṣe rí", ẹ sọ ọ́ jáde, ẹ ní "àmì kan nísàlẹ̀", yóò ran àwọn tó ríran náà lọ́wọ́. Kí ọmọ tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ kọ́kọ́ dárúkọ ara ẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kóun náà gbálẹ̀ kó pọnmi bí wọ́n bá ń ṣe é.

Àgbà_Áfáà:
Ọmọ mi, ìwọ náà mọ Súrátù Ábásà, lórí afọ́jú kan ni wọ́n ṣe sọ ọ́ kalẹ̀, Ibn Umm Maktum, òun náà ló padà ń pe ìrun ní Mẹ̀dínà pẹ̀lú Bìlálì. Taha Hussein ti Íjíbítì, ilé kéwú abúlé ló ti bẹ̀rẹ̀ láìríran, ó dé Al-Azhar, ilé ẹ̀kọ́ gíga Ìsìláàmù ní Káírò, ó di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1950. Kì í sì í ṣe òní la bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọ̀nà ìkọ́ni padà, nígbà tí Sheikh Adam al-Ilory dá Markaz, ilé ẹ̀kọ́ Lárúbáwá rẹ̀, sílẹ̀ l'Ábẹ́òkúta ní 1952 kó tó kó o lọ sí Agége, kíláàsì-kíláàsì ló tò ó, a ò mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ti ọmọkùnrin yẹn, wá a lọ sílé bàbá ẹ̀.

Úsítáàsì_Ìbàdàn:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti ránṣẹ́ sí bàbá ọmọkùnrin yẹn, kò tíì dáhùn, mo máa lọ fúnra mi lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀.

Mo rí sílétì rà. Lánàá mo gún kókó méjì, ọ̀kan lókè ọ̀kan nísàlẹ̀, mo yí ìwé padà, mo fi síwájú ọmọ yẹn. Ó kàn án, ó ní "B nìyí." Mo ní báù ni. Ó tún un kàn, ó dákẹ́, ó wá ní "Áfáà, ṣé mo ti mọ báù látọjọ́ yìí ni?"