Táǹkì Honda CD175 tó ń jò: jíjó ni àbí epoxy?

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Alùpùpù Honda CD175 tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mò ń tún ṣe n'Íbàdàn. Ẹ́ńjìnnì ti jí. Ohùn sílíńdà méjèèjì dùn mọ́ mi dé ọkàn! Táǹkì ló kù. Inú rẹ̀ ti dógùn-ún. Mo da fínígà sí i mọ́jú, mo fi omi káún ṣàn án kí kíkan rẹ̀ lè kúrò, ni ihò wẹ́wẹ́ bá hàn nísàlẹ̀. Wẹ́dà ní òun lè jó o, àmọ́ iná á ba ọ̀dà àtìbẹ̀rẹ̀ jẹ́, ọ̀dà yẹn ni mo sì fẹ́ràn jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi epoxy (àtè alápòpọ̀ tó máa ń le gbagidi) dí inú táǹkì rí, ṣé bẹntiróòlù kì í jẹ ẹ́ kúrò tó bá yá? Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀. Mo ti ń dúpẹ́ sílẹ̀.