Igi wú, irin gbòòrò: ẹ má jẹ́ ká fi orúkọ kan pè wọ́n

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Àbá tó wà nílẹ̀ fún àwa tí à ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú ìwé sáyẹ́ǹsì iléèwé ni pé kí nǹkan tó bá ti ń tóbi sí i, ìbáà ṣe ooru ló fà á, ìbáà ṣe ọ̀rinrin, máa jẹ́ ‘ìgbòòrò’, nítorí pé ‘wíwú’ jọ ọ̀rọ̀ àìsàn jù. Mo gbà pé irin gbòòrò. Igi ńkọ́? Igi wú ni.

Ẹ wo Àbújá tí a wà yìí. Lóṣù Kẹta, tí oòrùn bá mú ganrínganrín, géètì onírin lè há lọ́sàn-án nítorí pé ooru ti mú un gbòòrò. Nínú ilé kan náà, ilẹ̀kùn onígi á ti súnkì débi pé ìmọ́lẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé: ọyẹ́ àti ọ̀gbẹlẹ̀ ti fa omi ara rẹ̀ lọ. Tó bá di oṣù Kẹjọ tí òjò ń rọ̀, ilẹ̀kùn yẹn á wú, èjìká lẹ ó fi tì í kó tó lè pa dé. Bí ìwé bá ní ooru ló ń mú nǹkan gbòòrò, tó tún ní igi gbòòrò nígbà òjò, èwo ni kí ọmọ iléèwé dì mú? Lóòótọ́, ooru ń mú igi gbòòrò díẹ̀, ṣùgbọ́n omi ló ń pàṣẹ fún un.

Bí wọ́n ṣe ń tóbi gan-an yàtọ̀. Ọ̀pá irin tó gùn ní mítà 10, bí dígírì 30 bá kún ooru rẹ̀, á fi nǹkan bíi mìlímítà 3.6 gùn sí i. Ìbú rẹ̀ náà á fẹ̀ ní ìdá kan náà. Ti igi kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ògiri fọ́nrán rẹ̀, ìyẹn àwọn okùn tín-ín-rín oníhò tó para pọ̀ di igi, ni omi ń wọ̀, òró igi sì ni fọ́nrán wọ̀nyẹn dùbúlẹ̀ lọ, nítorí náà ìbú ló ń pọ̀ sí i. Pákó tútù tó bá gbẹ tán lè fi ìdá 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù ní ìbú. Ní gígùn, kì í tó ìdá 1.

Àwọn kan ní ká pe wíwú igi ní ‘ìmumi’, ṣùgbọ́n ìyẹn kò bá a mu. Bí omi inú igi bá ti tó nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n igi gbígbẹ, igi ṣì lè mu omi, ṣùgbọ́n kò ní wú mọ́. Inú ihò fọ́nrán lásán ni omi ìyókù ń kún.

Ní ti àìsàn, òótọ́ ni pé ẹsẹ̀ ń wú. Ṣé gààrí kì í wú ni? Ta ló fẹ́ ra gààrí tí kì í bèèrè pé ṣé ó ń wú? Omi wọlé, nǹkan tóbi: ohun tí à ń wá nìyẹn. Àwọn káfíńtà wa ní Kúgbó kò tilẹ̀ dúró dè wá. Tí wọ́n bá ń kan ilẹ̀kùn ọ̀gánwó, wọn kì í fi gọ́ọ̀mù lẹ pákó àárín. Wọ́n á kì í bọ ojú tí wọ́n gbẹ́ sára férémù, wọ́n á fi àyè sílẹ̀ kó lè ráyè wú.

Nítorí náà, wíwú àti ìsúnkì fún omi. Ìgbòòrò fún ooru. Èyí tó kù tí a ò tíì rí orúkọ fún ni pákó tí ojú rẹ̀ kan gbẹ ju èkejì lọ tó wá ká. Àwọn kan ń pè é ní ‘lọ́’, ṣùgbọ́n lọ́ ni mo mọ̀ fún èyí tó yí bí okùn. Ẹ̀yin tí ẹ ní káfíńtà nínú ẹbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bi wọ́n.