Ṣé Hitler nìkan ló ni ẹ̀bi Ogun Àgbáyé Kejì?

Abẹ́_Fìtílà béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi àti àbúrò mi la ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí láti àná. Ó ní wèrè kan ṣoṣo tó ń jẹ́ Hitler ló da ayé rú, pé láìsí tirẹ̀, ogun kankan ò ní ṣẹlẹ̀. Èmi ní ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣù kọkànlá ọdún 1918 ni ogun àkọ́kọ́ parí. Kò ju ogún ọdún ó lé díẹ̀ lọ tí wọ́n tún gbé ìbọn. Àwọn tó wà nípò ní London àti Paris kì í ṣe ọmọdé. Daladier, olórí ìjọba Faransé, fúnra rẹ̀ ti wà nínú kòtò ogun rí, ó mọ ohun tójú ń rí níbẹ̀. Báwo wá ni gbogbo ìpàdé àti gbogbo ìwé àdéhùn yẹn ṣe já sí òfo? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má to déètì fún mi o, mo ní ìyẹn lọ́wọ́. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni kí ẹ sọ fún mi.

Tísà_Àtijọ́ dáhùn:

Ọmọ mi, ọdún 26 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn kí n tó fẹ̀yìntì, ọmọ kíláàsì mi kan ló sì là mí lójú lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Àwòrán ìpàdé Munich, oṣù kẹsàn-án ọdún 1938, ni mo lẹ̀ mọ́ pátákó lọ́jọ́ náà. Mo ń fi ọ̀pá tọ́ka: Chamberlain rèé, olórí ìjọba Bìrìtéènì, Daladier rèé, Hitler ti Jámánì rèé, Mussolini, olórí ìjọba Ítálì, rèé. Ọmọbìnrin kan nawọ́ lẹ́yìn, ó ní, "Tísà, ẹni tí wọ́n ń pín ilẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Èwo ni nínú wọn?" Ẹnu mi wọ hòò. Kò sí níbẹ̀. Aṣojú Czechoslovakia méjì wà nílùú náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ní kí wọ́n ti máa dúró. Ìgbà tí wọ́n pín Sudetenland, apá Czechoslovakia tó wà létí ààlà Jámánì, tán ni wọ́n tó gbé máàpù lé wọn lọ́wọ́ lóru.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti yí ẹ̀kọ́ náà padà. Gbogbo ohun tí wọ́n pè ní ìdúnàádúrà láti 1935 sí 1939, ohun olóhun ni wọ́n fi ń ná an. Kò sí ẹni tó yọ tara rẹ̀ sílẹ̀.

Ibi tí mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ báyìí ni Etiópíà. Ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 1935 ni Mussolini kó ogun wọ ibẹ̀. Ítálì àti Etiópíà ni wọ́n jọ wà nínú Àjọ Àwọn Orílẹ̀-Èdè ní Geneva, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí irú ọ̀rọ̀ báyìí gan-an. Àjọ náà dá Ítálì lẹ́bi, wọ́n ní àwọn yóò fi ọ̀rọ̀ òwò fìyà jẹ ẹ́. Ó dáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń ka ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà fún un, wọn ò ka epo rọ̀bì mọ́ ọn. Epo tí ọkọ̀ ogun ń mu! Ọ̀nà omi Suez, tó jẹ́ pé Bìrìtéènì ló ní ọmọ ogun létí ibẹ̀, wọ́n ṣí i sílẹ̀ gbayawu, ibẹ̀ náà ni Ítálì ń gbé àwọn ọmọ ogun rẹ̀ gbà. Ní oṣù kejìlá, Hoare, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Bìrìtéènì, àti Laval ti Faransé jókòó ní Paris, wọ́n dì í ní kọ̀rọ̀ pé kí wọ́n gé apá ńlá nínú Etiópíà fún Ítálì kí ọ̀rọ̀ lè tán. Ìwé ìròyìn tú u síta, ariwo sọ, Hoare kọ̀wé fipò sílẹ̀.

Ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1936, Haile Selassie dé Geneva fúnra rẹ̀. Ó fẹ́ sọ bí bàálù ṣe ń da gáàsì olóró lé àwọn èèyàn rẹ̀ lórí. Àwọn oníròyìn Ítálì tó wà nínú gbọ̀ngàn bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé lé e lórí kí wọ́n má baà gbọ́ ohùn rẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà tí wọ́n fi mú ìyà kúrò lórí Ítálì.

Ta ló jèrè rẹ̀? Hitler ni. Nígbà tí ojú gbogbo ayé wà ní Etiópíà, ní oṣù kẹta ọdún 1936, ó kó ọmọ ogun wọ Rhineland, apá Jámánì tó kọjú sí Faransé, níbi tí ìwé àdéhùn Versailles tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ogun àkọ́kọ́ ti ní ọmọ ogun Jámánì kankan kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kàn. Ẹnikẹ́ni ò mira. Mussolini náà, tó gbé ọmọ ogun sí ààlà Austria ní 1934 kí Hitler má baà wọ ibẹ̀, ló wá di ọ̀rẹ́ Hitler. Ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́ ta á débi tó fi bínú, kò ta á débi tó fi dáwọ́ dúró.

Gbẹ́rẹ́gẹ̀dẹ̀ dáhùn:

Bàbá Tísà, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n àárín ni ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Gbèsè owó ìtanràn ogun àkọ́kọ́, bílíọ̀nù 132 mákì góòlù, tí wọ́n kà sí Jámánì lọ́rùn ní 1921 ńkọ́? Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1932, àwọn tí kò níṣẹ́ níbẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù 6. Ẹgbẹ́ Hitler tí kò rí ju ìdá 2.6 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò ní 1928, ìdá 37 ló rí ní oṣù keje 1932. Ebi ló dìbò yẹn.

Ẹ sì fo Japan. Oṣù kẹsàn-án 1931, àwọn sójà Japan fúnra wọn ló bu ohun abúgbàù sí ojú irin tí Japan ní lẹ́bàá Mukden, wọ́n ní àwọn ará Ṣáínà ni, wọ́n sì gba gbogbo Manchuria, apá ìlà-oòrùn àríwá Ṣáínà. Geneva ń ṣèwádìí, ó ń ṣèwádìí. Ìgbà tí wọ́n máa dìbò ní 1933, 42 sí 1, Matsuoka tó jẹ́ aṣojú Japan dìde, ó jáde. Ó parí. Amẹ́ríkà ò tilẹ̀ sí nínú àjọ yẹn látilẹ̀.

Tísà_Àtijọ́ dáhùn:

Ti Japan, mo gbà fún ọ, ó yẹ kí n fi ṣáájú. Ti gbèsè, rárá o. Ní ìpàdé Lausanne, oṣù keje 1932, wọ́n ti gbà láti pa èyí tó pọ̀ jù nínú gbèsè yẹn rẹ́, oṣù mẹ́fà gbáko kí Hitler tó gorí àlééfà. Ebi gbé e dé ẹnu ọ̀nà, òótọ́ ni. Àmọ́ àwọn àgbààgbà olóṣèlú tó yí Hindenburg, ààrẹ Jámánì, ká ni wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un, wọ́n rò pé àwọn á lè máa darí rẹ̀ bó ṣe wù wọ́n.

Ìyá_Onímáàpù dáhùn:

Ti Moscow ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín tí mo bá fẹ́ sunkún. Oṣù kẹjọ 1939, ogun ti dé ẹnu ọ̀nà. Bìrìtéènì àti Faransé fẹ́ bá Stalin, olórí ilẹ̀ Soviet, dòwò pọ̀ láti dí Hitler lọ́nà. Dípò kí wọ́n fi bàálù rán àwọn aṣojú wọn, ọkọ̀ ojú omi tó ń rọra wọ́ ni wọ́n kó wọn sí, ó di ọjọ́ 11 oṣù náà kí wọ́n tó dé Moscow. Voroshilov, olórí aṣojú Soviet, béèrè lọ́wọ́ Drax, olórí aṣojú Bìrìtéènì, pé ìwé tó fún un láṣẹ láti fọwọ́ sí nǹkan dà? Kò mú un dání!

Ọjọ́ 23, Ribbentrop, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Jámánì, fi bàálù dé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti fọwọ́ sí i, wọ́n sì ti pín Pólándì sí méjì nínú abala tí wọ́n fi pa mọ́. Tísà, ohun olóhun tí ẹ wí náà nìyẹn.

Abẹ́_Fìtílà dáhùn:

Mo dúpẹ́ gan-an o. Ohun kan ló kù tí mi ò lóye. Ní Jámánì fúnra rẹ̀, ṣé kò sí àgbà kan tó lè sọ fún Hitler pé èyí tó kàn yìí, wọn ò ní gbà á fún un?

Tísà_Àtijọ́ dáhùn:

Wọ́n wà. Ohun tí ìjọba apàṣẹwàá máa ń ṣe fún irú wọn ni kí o wò. Ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá 1937, Hitler tú èrò rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn èèyàn péréte: ó fẹ́ gba Austria àti Czechoslovakia. Blomberg, mínísítà ogun, Fritsch, olórí ọmọ ogun orí ilẹ̀, àti Neurath, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, kò fara mọ́ ọn, wọ́n ní Bìrìtéènì àti Faransé lè dá sí i. Kó tó pé oṣù mẹ́rin, kò sí ọ̀kankan nínú wọn nípò mọ́. Ribbentrop ló bọ́ sípò Neurath. Ọ̀gágun Beck kọ ìwé ìkìlọ̀ títí, ó sú u, ó fipò sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ 1938. Oṣù kan lẹ́yìn náà, Munich fi hàn bí ẹni pé Hitler ló mọ̀ ọ́n jù gbogbo wọn lọ. Ta ló tún máa lanu?

Ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án 1939, ogun ti di ọjọ́ kẹta ní Pólándì. Bìrìtéènì fi ìwé ránṣẹ́ láàárọ̀ pé bí Jámánì kò bá dáwọ́ dúró títí aago 11, ogun dé. Paul Schmidt, ògbufọ̀ ìjọba, ló gbé e wọlé, ló sì túmọ̀ rẹ̀ fún Hitler. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ lẹ́yìn ogun pé Hitler jókòó, kò mira, kò fọhùn. Nígbà tó yá, ó yíjú sí Ribbentrop, ẹni tó ti ń fi dá a lójú látẹ̀yìnwá pé Bìrìtéènì ò ní jà, ó ní: "Kí ni ká wá ṣe báyìí?"