Ṣé kí n fi ewì kíkọ́ sílẹ̀ nítorí kọ̀ǹpútà? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olùkọ́ Lítíréṣọ̀ béèrè:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Lítíréṣọ̀ ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama, ewì ni mo sì fẹ́ràn jù nínú rẹ̀. Látìgbà tí ChatGPT, ètò kọ̀ǹpútà tó ń kọ ọ̀rọ̀ bí èèyàn, ti jáde ní ìparí ọdún 2022 ni iṣẹ́ àṣetiléwá ti yí padà mọ́ mi lọ́wọ́. Bí mo bá ní kí wọ́n kọ ewì wá, ewì tó gún régé ni wọ́n ń kó wá. Ọ̀rọ̀ ń dùn létí, ṣùgbọ́n mi ò rí ọmọ kankan nínú rẹ̀. Bí mo bá bi ẹni tó ni ín pé kí ló dé tó fi sọ pé òjò ń sunkún ní ìlà kẹta, kò ní rí nǹkan kan sọ.

Láìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú wọn, ọmọ tó gbọ́n, tí kì í sì í rí àgbà fín, dìde ní kíláàsì ó ní: "Mà, tí ẹ̀rọ bá lè kọ ewì kí èèyàn tó ṣẹ́jú, kí la tún ń kọ́ ọ fún?" Mo ní kó fún mi láyè, pé n ó dá a lóhùn.

Ilé-ìwé wa sì ti fẹ́ dín àkókò ewì kù báyìí, kí wọ́n lè fi kún ti kọ̀ǹpútà. Ọkọ mi ní kí n tètè lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ kóòdù, pé ẹ̀rọ ò ní pẹ́ gba iṣẹ́ tíṣà. Mi ò kórìíra kọ̀ǹpútà rárá. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ yìí ṣì ní ọjọ́ iwájú, àti ohun tí mo lè sọ fún ọmọ yẹn tó máa jẹ́ òtítọ́.

Akọ̀wé Kóòdù fèsì:

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Kọ̀ǹpútà ni mo fi ń jẹun, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwa tá a wà nídìí ẹ̀ kì í sábà sọ: inú ewì ni apá kan iṣẹ́ wa ti ṣẹ̀ wá. Ní 1913, onímọ̀ ìṣirò ará Rọ́ṣíà kan, Andrey Markov, jókòó ti ewì gígùn kan tí Pushkin, akéwì Rọ́ṣíà, kọ. Ó ka lẹ́tà 20,000 nínú rẹ̀, ó ń wo iye ìgbà tí fáwẹ̀lì tẹ̀ lé kọ́ńsónáǹtì àti iye ìgbà tí fáwẹ̀lì tẹ̀ lé fáwẹ̀lì. Ohun tó ń wá ni bóyá lẹ́tà tó ṣáájú ń nípa lórí èyí tó ń bọ̀. Ní 1948, Claude Shannon, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, lo ọgbọ́n yẹn nínú iṣẹ́ tirẹ̀ lórí bí a ṣe ń fi ìròyìn ránṣẹ́. Ẹ̀rọ tó ń kọ ewì fún àwọn ọmọ yín, ìbéèrè tó fara jọ ìyẹn ló ṣì ń dáhùn: ọ̀rọ̀ wo ló ṣeé ṣe kó tẹ̀ lé èyí tó wà nílẹ̀?

Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ń rí ìyàtọ̀. Ohun tí àwọn èèyàn ti kọ sílẹ̀ rí ni ẹ̀rọ fi ń mọ ohun tó kàn. Akéwì tó mọṣẹ́ á wá ọ̀rọ̀ tí a kò retí, tó jẹ́ pé bí a bá gbọ́ ọ tán, a ó mọ̀ pé òun ló yẹ ibẹ̀. Ada Lovelace, ọmọ akéwì Byron, ti kọ ọ́ ní 1843, nípa ẹ̀rọ ìṣirò tí Charles Babbage fẹ́ ṣe, pé kò lè pilẹ̀ ohunkóhun fúnra rẹ̀, àfi ohun tí a bá mọ bí a ṣe ń pàṣẹ fún un. Wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yẹn di òní. Lójú tèmi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ewì di ọ̀tá kọ̀ǹpútà níwájú yín.

Sọ Ọ́ Bó Ṣe Rí fèsì:

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé Kóòdù, ìtàn yín dùn, ṣùgbọ́n kò dá ọmọ yẹn lóhùn. Pé nǹkan wà ní ìpìlẹ̀ ilé kò ní ká máa gbé inú ìpìlẹ̀.

Àǹtí, ọkọ yín ò sọ àsọdùn. Ẹ kọ́ kọ̀ǹpútà, kódà bí ẹ ò bá ní fi iṣẹ́ yín sílẹ̀. Ẹ jókòó ti ẹ̀rọ yìí, ẹ fún un ní iṣẹ́ tí ẹ máa ń fún àwọn ọmọ, kí ẹ rí ibi tó ti ń ṣe dáadáa àti ibi tó ti ń parọ́. Mo ti rí i tó ń dárúkọ ìwé tí ẹnikẹ́ni ò kọ rí, tí ohùn rẹ̀ ò sì yẹ̀. Olùkọ́ tí kò mọ̀ pé ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ ò lè kìlọ̀ fún ọmọ. Ní ti iṣẹ́ àṣetiléwá "ẹ lọ kọ ewì wá", ó ti parí. Ẹ gbé e kúrò, ẹ má sunkún lé e.

Tíṣà Fẹ̀yìntì fèsì:

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, jẹ́ kí n pè ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rù tó ń bà ọ́ ti pẹ́ láyé. Nínú ohun tí Plato, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, kọ sílẹ̀, Sókírátíìsì tó jẹ́ olùkọ́ rẹ̀ sọ pé ìwé kíkọ yóò mú kí èèyàn máa gbàgbé, torí wọn ò ní lo iyè inú tiwọn mọ́. Ó rí òótọ́ kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ìwé la ti ka ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, sinimá dé, rédíò dé, tẹlifíṣàn dé. Ní àwọn ọdún 1950, B. F. Skinner, onímọ̀ ìhùwàsí ará Amẹ́ríkà, gbé ẹ̀rọ ìkọ́ni jáde: ọmọ á dáhùn ìbéèrè, ẹ̀rọ á jẹ́ kó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bóyá ó gbà á. Ní 2020 tí àrùn kòrónà ti ilé-ìwé pa, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́, ní ó kan akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní bílíọ̀nù 1.5 kárí ayé. Ẹ̀kọ́ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà náà ju bí ẹnikẹ́ni ṣe lè kà á tán lọ. Síbẹ̀, mo rí ọmọ tó ní kọ̀ǹpútà, tó ní gbogbo fídíò, tí ẹ̀kọ́ ṣì sú. Ẹni tó máa wojú rẹ̀, tó máa mọ̀ pé kò yé e kó tó la ẹnu, òun ni kò rí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ewì. Ìbéèrè ọmọ yẹn dúró lórí èrò kan, pé bébà tí ewì wà lórí rẹ̀ ni èrè iṣẹ́ náà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọmọ tó kọ ewì tí kò dáa, tó pa ìlà rẹ́, tó tún un kọ, tó wá ọ̀rọ̀ kan títí tí kò rí i, ó ti wo inú ara rẹ̀ ju bó ṣe máa ń wò ó lọ. Bí bébà náà bá wọ inú ìdọ̀tí, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí ọmọ kò bá a lọ.

Àkọ́sórí ńkọ́? Anna Akhmatova, akéwì Rọ́ṣíà, kọ àwọn ewì kan láyé Stalin, olórí tó fi ọwọ́ líle ṣèjọba níbẹ̀, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ká wọn mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹ̀mí rẹ̀ lè lọ sí i. Á kọ ọ́ sí bébà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ á kà á títí á fi mọ́ ọn lórí, wọ́n á sì sun bébà náà. Orí èèyàn díẹ̀ ni iṣẹ́ yẹn gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọdún 1963 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ní Jámánì. Sọ ìtàn yìí fún wọn, kí wọ́n mọ̀ pé ohun tó wà lórí èèyàn, ẹnikẹ́ni ò lè gbẹ́sẹ̀ lé e.

Èyí tó sọ pé kó o gbé iṣẹ́ àṣetiléwá kúrò, mo gbà pẹ̀lú ẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ lójú rẹ, pẹ̀lú bírò, má sì gbà ju ìlà díẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, gbé ewì tí ẹ̀rọ kọ lórí kókó kan náà síwájú wọn, kí wọ́n tú u palẹ̀. Ìlà wo ni ẹnikẹ́ni lè kọ? Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ wo ni wọ́n ti gbọ́ rí? Níbi tí wọ́n ti ń tú u ni wọ́n ti ń kọ́ ohun tó o ti ń wá bí wàá ṣe kọ́ wọn. Kí wọ́n sì máa kọ́ ewì sórí. Àwọn olùkọ́ kan pa á tì torí wọ́n kà á sí ìyà. Ìyà ni lóòótọ́ bó o bá fi ń na ọmọ. Bí ìwọ náà bá ń ké e pẹ̀lú wọn, ọ̀tọ̀ ni.

Nọ́ọ̀sì Òru fèsì:

Tíṣà tó kọ́ mi ní ewì ò mọ̀ pé ibi iṣẹ́ yìí ni màá ti lò ó. Nígbà tí oògùn ò bá ṣe nǹkan mọ́ fún aláìsàn, ọ̀rọ̀ ló máa ń kù, èmi kì í sì í rí ọ̀rọ̀ tèmi sọ. Mo máa ń ké ewì kan tí mo ti mọ̀ láti kékeré. Àwọn àgbà kan tí wọn ò dá ọmọ wọn mọ̀ mọ́ máa ń bá mi parí ìlà rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi í sílẹ̀.

Akọ̀wé Kóòdù fèsì fún Nọ́ọ̀sì Òru:

Ẹ rán mi létí Joseph Weizenbaum, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan. Ní 1966, ó ṣàlàyé ètò kọ̀ǹpútà kan tó pè ní ELIZA, tó ń fèsì bí oníṣègùn ọpọlọ. Akọ̀wé ọ́fíìsì rẹ̀, tó mọ̀ pé ètò lásán ni, ń bá a sọ̀rọ̀ débi pé ó ní kí Weizenbaum jọ̀wọ́ bọ́ síta. Ó ká Weizenbaum lára gan-an. Ó wá ń sọ pé àwọn iṣẹ́ kan wà tí kò yẹ ká gbé fún ẹ̀rọ, bí ẹ̀rọ bá tilẹ̀ lè ṣe é. Inú iṣẹ́ wa ló ti sọ ọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi kà á sí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Ìkẹyìn fèsì:

Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń mú wa lo ẹ̀rọ nígbà gbogbo. Máàkì là ń bẹ̀rù. Ewì tí a fi ọkàn kọ lè gba márùn-ún nínú mẹ́wàá, ti ẹ̀rọ á gba mẹ́jọ. Mà, bí ẹ bá lè kà á láìfi máàkì sí i nígbà àkọ́kọ́, kí ẹ kàn sọ ìlà tó wọ̀ yín lára, ọ̀pọ̀ wa á kọ tiwa.

Olùkọ́ Lítíréṣọ̀ padà wá:

Ẹ ṣeun, ẹ kú àdúrótì. Akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ rẹ ni mo kà lákàtúnkà. Máàkì á kúrò lórí ewì àkọ́kọ́. Sọ Ọ́ Bó Ṣe Rí, mo máa forúkọ sílẹ̀ láti kọ́ kọ̀ǹpútà, mo sì máa sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé pé kí olùkọ́ kọ̀ǹpútà àti èmi jọ kọ́ kíláàsì kan: kí ó ṣàlàyé bí ẹ̀rọ ṣe ń mú ọ̀rọ̀, kí èmi àti àwọn ọmọ tú ohun tó mú jáde palẹ̀. Ọmọ tó bi mí ní ìbéèrè ni màá kọ́kọ́ ní kó mú ewì ẹ̀rọ wá.

Bàbá Tíṣà, ẹ dákun: ewì tó gùn tó báwo ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ àkọ́sórí?

Tíṣà Fẹ̀yìntì fèsì:

Ìlà mẹ́jọ tó. Jẹ́ kí wọ́n yàn án fúnra wọn nínú mẹ́ta tó o bá kó wá, kí o sì ti mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí kó o tó wọlé.