Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ s'Ékòó ní Disẹ́ńbà, báwo lẹ ṣe ń sọ pé "mi ò lè ṣe é"?

Ìyá Ìbejì, Houston: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ṣúrùlérè ni màá wà tí mo bá dé, mi ò tíì sanwó tíkẹ́ẹ̀tì tán tí gbogbo ayé ti gbọ́. Àǹtí mi kan fẹ́ bílẹ́ńdà ńlá, àbúrò ọkọ mi fẹ́ láptọ́ọ̀pù, àwọn méjì ti fi aṣọ ẹbí ránṣẹ́ lórí WhatsApp, Sátidé kan náà lòde méjèèjì bọ́ sí, ọ̀kan n'Ìkòyí, ọ̀kan ní Yàbá. Kí ni mo fẹ́ ṣe tí wọn ò fi ní sọ pé mo ti dòyìnbó?

Ẹ̀gbọ́n Peckham: Ẹrù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yanjú. Báàgì méjì ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú ń gbà fún wa, kílò 23 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kẹ́ ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn, ẹ di tiyín àti tàwọn ọmọ ná, ẹ gbé e sórí ìwọ̀n, èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ lè fi ṣoore. Èmi máa ń ya fọ́tò ìwọ̀n yẹn ránṣẹ́, "Àǹtí, ẹ wò ó, ó ti di 22", kò sẹ́ni tó ń bá ìwọ̀n jà. Ẹni tó bá sì fi sẹ̀lótéèpù di nǹkan pa wá, ẹ ní kó tú u lójú yín, tó bá kọ̀, ẹ má gbé e, ẹ̀yin ni kọ́sítọ́ọ̀mù máa bi, kì í ṣe òun.

Bọ̀dá Èbúté Mẹ́ta (mo ti padà sílé): Ẹ gbàgbé òde méjì lọ́jọ́ kan. Afárá Third Mainland tẹ́ ẹ máa gbà láti Yàbá dé Ìkòyí yẹn, kìlómítà 11.8 péré ni, tọ́nà bá dá bí ìṣẹ́jú 15 lẹ ti sọ̀, àmọ́ Sátidé Disẹ́ńbà kọ́ nìyẹn o, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ a mú yín sórí omi títí tí wọ́n á fi kó àga kúrò lóde. Ọjọ́ kan, apá omi kan, báwa tá a wà níbí ṣe ń ṣe é nìyẹn. Tó bá jẹ́ Island, ẹ ṣòde Ìkòyí, ẹ yà kí àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó, ó tán. Òde tẹ́ ò bá ní lè lọ, ẹ tètè sọ, ẹ má jẹ́ kí ìyá ìyàwó ti ka orúkọ yín mọ́ oúnjẹ tán. Ẹ pè é o, ẹ má fi mẹ́sééjì ṣe é: "Mọ̀mí, ẹ kú ìnáwó, mo kúnlẹ̀ o, ọjọ́ yẹn ti ní nǹkan tó wà lórí ẹ̀, mi ò ní lè dé, àmọ́ màá wá kí yín nílé lọ́jọ́ Tọ́sìdeé." Kẹ́ ẹ sì lọ ní Tọ́sìdeé ọ̀hún o! Owó tẹ́ ẹ bá fẹ́ fún wọn, ẹ fi sí àkáǹtì wọn ṣáájú òde, ìgbà tí wọ́n ń wá owó kúlà nìyẹn. Èyí tẹ́ ẹ bá sì máa lọ, tí aṣọ ẹbí bá ti wọ́n jù, ẹ ra gèlè nìkan, kò sẹ́ni tó máa lé yín lẹ́nu ọ̀nà.

Àǹtí Toronto: Owó ló ń pa èmi ní tèmi. Mo ti mú iye kan tí mò ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù, àbúrò mi tó wà ní Mushin ló ń pín in, ẹni tó bá pè mí, mo ní kó lọ bá a. Wọ́n bínú, wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín báyìí. Owó iléèwé ọmọ ọlọ́mọ ńkọ́? Mi ò jẹ́ ṣèlérí pé màá sanwó ẹ̀ dé yunifásítì. Táàmù kan ni mò ń san, mo sì máa ń là á mọ́lẹ̀ fún bàbá ẹ̀ létí ìyá ẹ̀ pé táàmù kan ni.

Ìyá Ìbejì, Houston: Ẹ ṣé gan-an. Àǹtí mi ti rí fọ́tò ìwọ̀n. Wọ́n ní kí n kó aṣọ mi kúrò níbẹ̀, pé aṣọ pọ̀ lọ́jà Tẹ̀júoṣó.

Ẹ̀gbọ́n Peckham: 😂 Ẹ ní kí wọ́n fowó báàgì kẹta ránṣẹ́. Tí wọ́n bá fi ránṣẹ́, ẹ bá wọn gbé e.