Báwo ni kí n ṣe fi àkọ́so ọgbà mi dúpẹ́?

Ẹ̀yin ará, mo kí yín láti Àkúrẹ́. Láti ìgbà tí àkọ́rọ̀ òjò ti rọ̀ ni ọgbà ẹ̀yìnkùlé wa ti ń tanná: òdòdó ọsàn ń ta sánsán wọ inú yàrá, ilá sì ń yọ òdòdó aláwọ̀ ìyeyè tí inú rẹ̀ pupa dúdú, tí ó ń là ní òwúrọ̀, tí ó sì ń rọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀ tó lágbára, èyí fún ìgbàgbọ́ mi lókun gidigidi. Ìyá ọkọ mi ní kí n fi àkọ́so sílẹ̀ de ìdúpẹ́ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ilá máa ń tó ká ní bí ọjọ́ 5 sí 7 lẹ́yìn tí ó bá tanná, kò sì ní pẹ́ gbó. Ṣé kí n pín in fún àwọn aládùúgbò ni, àbí kí n tà á, kí n fi owó rẹ̀ pamọ́ fún ìdúpẹ́ náà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.